Bí Ọmọdé Bá Ṣubú

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i títí di ọjọ́ tí ọmọ kan ṣubú nínú àwọn tí a fi sí ìkáwọ́ mi. Nítòótọ́, ọmọ tí ó ṣubú a máa wo iwájú: ó ń wò ó bóyá ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ ni ẹni tí ń bọ̀ nà sí òun, tàbí pàṣán.

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní agbègbè Òmù-Àrán ni a rán mi lọ. Igi máńgòrò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, èso rẹ̀ sì ń pọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí aago ìsinmi lù, àwọn ọmọ sáré lọ síbẹ̀ láti ṣeré. Wọ́n padà wọlé, mo kọ́ wọn ní ìṣirò, mo kọ́ wọn ní ìwé kíkà, n kò sì fura sí ohunkóhun. Ìgbà tí ó kan ìkọ̀wé ni mo rí i pé ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún 7, kò mú pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ẹ̀wù. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo sì pàṣẹ pé kí ó na ọwọ́ náà síta. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má nà mí, kò dùn mí rárá." Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó sì ti wọ́. Ó lé ní wákàtí kan tí ó ti jókòó níwájú mi pẹ̀lú egungun tí ó ṣẹ́, nítorí pé ó bẹ̀rù mi ju ìrora rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Tíṣà, ìgbà wo ni ó ṣubú?" N kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ìbéèrè náà kò tíì kúrò lára mi títí di òní.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìbáwí kò ní àyè kankan ní wákàtí tí ọmọ fara pa. Kì í ṣe nítorí àánú nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rù ìyà yóò fi ọgbẹ́ pamọ́, ọgbẹ́ tí a fi pamọ́ sì ni ó léwu jù. Ẹ wo ìṣó kékeré tàbí ẹ̀gún tí ó gún ọmọ lẹ́sẹ̀ níbi eré. Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò àrùn ipá ń gbé, àrùn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ le gan-an tí ẹnu kò fi ní lè là. Ó lè tó ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 21 kí ó tó fara hàn, nígbà tí ẹ̀gún náà ti di ohun ìgbàgbé. Òótọ́ ni pé a ń gún àwọn ìkókó ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ṣùgbọ́n agbára abẹ́rẹ́ náà a máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bákan náà ni ọmọ tí ó fi orí gbá ilẹ̀: bí ó bá ń bì, bí oorun tí kò yẹ bá ń kùn ún, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń ti etí tàbí imú rẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kí a máa ṣọ́ ọ, bí kò bá lè sọ fún wa pé òun ṣubú?

Kí ni kí olùkọ́ ṣe nígbà náà? Kí ó kọ́kọ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó bèèrè pé, "Níbo ni ó ń dùn ọ́?" kí ó tó bèèrè pé, "Ta ni ó rán ọ níṣẹ́?" Bí ó bá dà bí ẹni pé egungun ṣẹ́, kí ó má ṣe fà á, kí ó má sì ṣe fi òróró wọ́ ọ, kí ó fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Àwọn tí ń to egungun ní ìlú wa ní ọgbọ́n ọwọ́, n kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí a bá di pákó mọ́ apá ọmọ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹran ara yóò sì kú. Apá tí à bá wò sàn ni a óò wá gé sọnù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà. Bí ìka ọmọ bá tutù, bí ó bá kú tìpìrì, tàbí bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, kí a tú ìdè náà láìjáfara, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, bí a kò bá na ọmọ tí ó gun igi, lọ́la yóò tún gùn ún. N kò sọ pé kí a má bá a wí. Àwọn baba wa ní, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó fara pa, ọwọ́ méjèèjì ni a ó fi fà á mọ́ra. Ìkìlọ̀ lè dúró di ìgbà tí ara bá le. Ẹlòmíràn sì lè ní kí a gé igi náà, kí a sì fi òfin de eré. Ọmọdé kò lè ṣe kí ó má ṣeré. Bí a bá lé e kúrò lábẹ́ igi tí ojú wa tó, yóò wá igi mìíràn tí ojú wa kò tó.

Nítòsí wa ní Èsìẹ́ ni àwọn ère òkúta wà, èyí tí H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ayé ní 1933, tí a sì kọ́ ilé fún ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí tàbí apá wọn ti kán. A tọ́jú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n apá òkúta tí ó kán kì í jinná. Egungun ọmọ a máa jinná, bí a bá tètè mọ̀, tí a sì tọ́jú rẹ̀ dáradára. Ọmọkùnrin tí mo wí yìí ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀wé. Ohun tí ó kù fún mi láti tún ṣe ni ìbẹ̀rù tí mo gbìn sí i lọ́kàn, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ oníṣègùn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń lọ di olùkọ́ gbé ìwà wa kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó ṣubú yóò fi wo iwájú, tí yóò rí wa, tí yóò sì sáré tọ̀ wá wá.