Ẹran Ọ̀sìn tí Ejò bá Ṣán: Ọ̀bẹ Kọ́ ni Oògùn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń ṣòwò ní Gombe, Bauchi, Plateau àti Benue ni ó ń sin ewúrẹ́, àgùntàn àti ajá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní màlúù tàbí ẹṣin. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ejò a máa jáde. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí ejò bá ṣán ẹran, ohun tí púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, kí wọ́n sín ojú egbò ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fi okùn di ẹsẹ̀ ẹran náà pinpin. Ó yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà yìí.

Ejò tí ó ń ṣọṣẹ́ jù lọ ní agbègbè wọ̀nyí ni ejò kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carpet viper. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹran tí ó bá ṣán lè máa ṣẹ̀jẹ̀ ní èrìgì àti ní imú. Ẹni tí ó bá tún fi ọ̀bẹ la irú ẹran bẹ́ẹ̀ lára, ọ̀nà mìíràn ni ó là fún ẹ̀jẹ̀ tí kò ní tètè dá. Oró paramọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ a máa mú ara wú, a sì máa mú kí ẹran ara jẹrà. Okùn tí a so pinpin a wá sé oró náà mọ́ ojú kan, ẹsẹ̀ a sì kú.

Ti ẹṣin tún yàtọ̀. Ẹṣin tóbi, nítorí náà oró tí yóò pa ajá lè má pa á. Ṣùgbọ́n ejò a máa ṣán an ní imú níbi tí ó bá ti ń jẹko, ẹṣin kì í sì í fi ẹnu mí. Bí ihò imú rẹ̀ bá wú dí, ikú dé nìyẹn. Dókítà ẹranko tí a bá tètè pè lè ki rọ́bà oníhò sí imú rẹ̀ kí ó lè máa mí. Ọ̀bẹ kò lè ṣe èyí. Kí ẹni tí ó ni ẹran tú ìjánu kúrò lójú rẹ̀ kí ó tó wú, kí ó má jẹ́ kí ó rìn, kí ó sì ránṣẹ́ pe dókítà.

Àwọn kan yóò wí pé àìsí oògùn ni ó mú ọ̀bẹ wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Oògùn oró ejò ṣọ̀wọ́n, ó sì gbówó lórí fún ènìyàn pàápàá, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹran. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin yìí kan náà ni orísun rẹ̀: wọn a máa fún un ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi lè bá a jà, wọn a sì yọ oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní Costa Rica, lókè òkun, ni wọ́n ti ń fi ẹṣin àti oró ejò Nàìjíríà ṣe ọ̀kan nínú èyí tí a ń lò nílé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Vom, nítòsí Jos, láti 1924, ó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran. Nígbà tí ẹṣin wà, tí ejò wà, tí onímọ̀ sì wà, kí ni ó kù bí kò ṣe owó? Oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé.

Kí ìjọba náwó sí i. Kí ẹni tí ó ní ẹran ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó kó òkìtì òkúta àti igi kúrò nítòsí ilé ẹran, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀bẹ wà ní ilé ìdáná, ibi tí ó yẹ ẹ́.