Ẹ Má Sọ Idán Di Àlá

Ọmọ Yorùbá tó bá yà sí ìsọ̀ mi ní Alabar, ní Ghana níbí, lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù tí wọ́n ń fi ìwé òǹkọ̀wé Tomi Adeyemi ṣe ni yóò dá sílẹ̀. Wọ́n á máa fọwọ́ pa léèsì mi, wọn ò ní ra yáàdì kan, Twi ni wọ́n á sì fi máa jiyàn. Ọ̀kan ní, "Ìyá, wọ́n ti gba iṣẹ́ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Ta ló gbà á? Ọdún 2018 ni ìwé rẹ̀, Children of Blood and Bone, jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é ní fíìmù ò rí i ṣe. Nígbà tí Paramount wá gbà á ní 2022, wọ́n gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ eré náà. Ó kọ ọ́. Gina Prince-Bythewood, olùdarí fíìmù náà, ló wá tún un kọ. Oṣù Kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá pé yóò jáde.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta kọ The Palm-Wine Drinkard, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1952. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di eré, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á, ó fi Yorùbá, orin àti ijó tún un ṣe, Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé, eré náà, Ọ̀mùtí, sì jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ó dé Algiers ní 1969. Ti Ògúnmọ́lá yẹn la mọ̀ títí dòní.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń bá Ògúnmọ́lá jà. Nínú ìwé, bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tó ní 560,000 igi ọ̀pẹ. Adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, ọkùnrin yìí sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìlú àwọn òkú lọ wá a. Adẹ́mu ò lè bá a padà, ló bá fún un ní ẹyin tó ń bọ́ ayé. Nínú eré, oorun ló gbé Lánkẹ́, ọ̀mùtí náà, lọ. Ó ta jí, àlá ni gbogbo rẹ̀. Èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àlá ni ti gba ẹyin náà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé ìtàn àràmàǹdà má bá àwọn onífíìmù fa aṣọ àti orúkọ. Kí ó jókòó ti idán nìkan. Ogúnńdé, àgbà òṣèré Yorùbá, mọ èyí: nínú fíìmù rẹ̀, Ayé, ní 1979, Ola Balogun ló darí, àmọ́ Ogúnńdé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹnu rẹ̀ lọfọ̀ ti jáde. Kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣe ọfọ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Adeyemi sí, Salvador ní Brazil ló sì ti pàdé àwọn òrìṣà tó ta ìtàn yìí jí nínú rẹ̀. Síbẹ̀ Yorùbá làwọn èèyàn inú ìwé rẹ̀ fi ń pe idán. Àwọn ọmọ tó ń fi Twi pariwo ní ìsọ̀ mi yìí ò ní bèèrè ẹni tó tún eré kọ. Ṣùgbọ́n bí Zélie, akọni inú ìtàn náà, bá la ẹnu pe ọfọ̀ tí ohùn rẹ̀ ṣì, wọ́n á gbọ́ ọ, nítorí ìyá wọn ṣì ń fi Yorùbá bá wọn wí. Kí Adeyemi dúró ti ohùn ọfọ̀ yẹn títí wọn yóò fi gé fíìmù náà tán. Ìyókù, kí Gina tún un kọ bó bá ṣe wù ú.