Ẹ Wo Ìrù Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sọ Òkò

Bí ẹyẹ ńlá kan bá ti ń yí po lójú sánmà, igbe kan ṣoṣo ni à ń gbọ́ ní àdúgbò wa: "Àṣá o! Ẹ kó òròmọdìyẹ wọlé!" Kí ìyá adìyẹ tó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, àwọn ọmọdé ti ṣa òkò, àwọn mìíràn ti yọ kànnàkànnà. Kò sí ẹni tó béèrè irú ẹyẹ tó jẹ́. Mo ta ko ìwà yìí. Èrò tèmi ni pé ọmọ tí kò lè dá àwòdì mọ̀ yàtọ̀ sí igún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ òkò sí ọ̀kankan nínú wọn, àti pé ojúṣe òbí àti olùkọ́ ni láti kọ́ wa bí a ṣe ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòdì, èyí tí a máa ń rí jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Búráùn ni àwọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Ìrù ni kí ẹ fi dá a mọ̀: ó là ní ìpẹ̀kun bí ìrù ẹja, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó pa á lówe pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, wo ẹyẹ yìí dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Igún ní tirẹ̀ tóbi ju àwòdì lọ. Ìrù rẹ̀ kúrú, kò là. Apá rẹ̀ fẹ̀, ìyẹ́ tó wà ní etí apá náà ya bí ìka ọwọ́, orí rẹ̀ sì pá. Ó lè yí po lókè fún ìgbà pípẹ́ láìju apá.

Àwọn méjì yìí nìkan kọ́ ló wà. Ọ̀kan kéré, aláwọ̀ eérú ni, ó máa ń dá jókòó sórí wáyà iná tàbí ẹ̀ka igi. Ọ̀fun rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan ṣoṣo sì gba àárín ọ̀fun náà wá sílẹ̀. Aláǹgbá àti tata ló ń ṣọ́. Òmíràn tún jẹ́ aláwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ó tóbi, ojú rẹ̀ kò ní ìyẹ́, ó pupa rúsúrúsú. Orí ọ̀pẹ ni ẹ ó ti rí i, tí yóò máa na ẹsẹ̀ gígùn sínú ìtẹ́ ẹ̀gà láti yọ àwọn ọmọ inú rẹ̀. Ó tún máa ń jẹ ẹyìn. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gà ń ba àgbàdo rẹ̀ jẹ́ ló tún ń lé ẹyẹ tó ń dín ẹ̀gà kù! Ẹ̀kẹta funfun lábẹ́, èjìká rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú lórí pápá, tí yóò máa ju apá, kí ó tó já lu eku. Gbogbo wọn ni à ń pè ní àṣá, gbogbo wọn ni à ń sọ lókò.

Ìyà àìmọ̀kan yìí pọ̀ jù lórí igún. Igún kì í gbé òròmọdìyẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára láti gbé ẹran fò. Òkú ẹran àti ìdọ̀tí ló ń jẹ ní ààtàn àti ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó ń bá wa gbálẹ̀ láìgba owó oṣù. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé IUCN gbé e sí ìpele ewu tó le jù lọ fún ẹ̀dá tó ṣì wà nínú igbó. Májèlé àti títa ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn wà lára ohun tó ń pa á run. Àwọn àgbà wa ní a kì í pa igún. Lónìí, orí igún wà lórí àtẹ lọ́jà.

Àwọn kan yóò sọ pé olè ni àṣá, ẹni tó ń sin adìyẹ ló mọ bó ṣe ń dunni. Òótọ́ ni pé àwòdì máa ń gbé òròmọdìyẹ. Ìyá tó ń fi owó adìyẹ ra ìwé fún ọmọ rẹ̀ kò ní fi àdánù yẹn ṣeré, èmi náà kò sì ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bo òròmọdìyẹ ni àgò. Èyí tí a fi àgò dé títí tó fi gbó kò ní bọ́ sọ́wọ́ àwòdì, kò ní bọ́ sẹ́nu ológbò, ọkọ̀ kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Bí a bá pa àwòdì kan lónìí tí àgbàlá ṣì ṣí sílẹ̀, òmíràn yóò dé lọ́la.

Àwọn mìíràn yóò ní eré òyìnbó ni wíwo ẹyẹ, pé ẹni tí kò ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe é. Ṣé òyìnbó ló pa á lówe pé àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun? Ní Jos, ní A. P. Leventis Ornithological Research Institute, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹyẹ àti ìdáàbòbò ẹ̀dá. Awò dára, ṣùgbọ́n ojú, pẹ́ńsù àti ìwé tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí olùbẹ̀rẹ̀ má fi àwọ̀ ṣáájú. Ẹyẹ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dúdú lójú ẹni tó wà nílẹ̀, ọmọ ẹyẹ sì lè má jọ ìyá rẹ̀: ẹnu ọmọ àwòdì dúdú. Ìrù ni kó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà apá, bó ṣe ń fò, àti ibi tó wà. Àwọ̀ ló kẹ́yìn. Kó ya ohun tó rí sínú ìwé kó tó bi ẹnikẹ́ni. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń móoru, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ròkè, nígbà náà ni kó gbójú sókè. Bí kannakánná bá ń pariwo, tí ó sì ń lé nǹkan kiri, kó yára wo ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣá ni wọ́n ń lé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ ẹyẹ kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ní pápá ilé ìwé. Ẹ̀yin òbí wa, lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá tún ké "Àṣá!", ẹ bi í pé: "Báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe rí?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó ju òkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.