TA NI YÓÒ SAN OWÓ ẸRÙ TÓ SỌNÙ LỌ́NÀ?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jẹun nídìí iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ẹrù tí a ń fi ránṣẹ́ ni a bá dé. Ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn nígbà tí ìdìbò ń bọ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti sọnù rí mọ̀ pé kò kéré.

Ẹ wo ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn. Oníbàárà rẹ̀ ní Èkó ní kó hun aṣọ òkè ìgbéyàwó. Ó ra òwú, ó hun ún tán, ó gbé e lọ fún àwọn kọ́ríà ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n gba owó wọn pé, wọ́n ní ọjọ́ méjì ni. Sátidé dé, aṣọ kò dé. Aṣọ yíyá ni ìyàwó wọ̀. Oníbàárà wá ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ta ni yóò dá a? Ahunṣọ ni! Òun ló ṣiṣẹ́, òun ló sanwó ẹrù, òun náà ni gbèsè wá bá nílé.

Ó pe nọ́ńbà wọn, ẹ̀rọ ló dáhùn: ẹ tẹ ení, ẹ tẹ èjì. Wọ́n fi orin sí i, orin náà jẹ káàdì rẹ̀ tán kó tó gbọ́ ohùn ọmọ ènìyàn. Nígbà tí ènìyàn wá dáhùn, "Ẹ ṣe sùúrù, sà, ẹrù yín ti wà lójú ọ̀nà." Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú ọ̀nà náà ni ó ṣì wà. Ọ̀nà wo nìyẹn, ọ̀nà ọ̀run? Bí ẹ bá sì pariwo, wọ́n á ní kí ẹ wo ẹ̀yìn rìsíìtì. Níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tín-ín-tìn-ín bí ẹyin èèrà, ní èdè òyìnbó, wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ẹrù bá sọnù, owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn yóò san.

A kò ní gbogbo wọn lólè. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà, ọ̀nà tó bàjẹ́ àti owó epo tó fò sókè láti 2023 sì ń na àwọn náà ní pàṣán. Ìjọba ni a fẹ́ bi léèrè.

Òfin 1992 ló fi àwọn kọ́ríà sábẹ́ NIPOST, kí ó máa fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ní July 2020, NIPOST gbé owó ìwé àṣẹ tuntun jáde: mílíọ̀nù 20 náírà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbẹ́rù lọ sókè òkun, mílíọ̀nù 10 fún ẹni tó fẹ́ máa gbé e káàkiri Nàìjíríà. Ariwo sọ, mínísítà ní òun kò fọwọ́ sí i. Ẹ kò rí nǹkan! Wọ́n mọ iye tí kọ́ríà yóò san fún wọn. Ṣé ẹ gbọ́ kí wọ́n ṣírò iye tí kọ́ríà yóò san fún ahunṣọ? NIPOST tó yẹ kó bá wọn wí pàápàá, òun náà ń gbẹ́rù gbowó, EMS ni wọ́n ń pè é. Agbábọ́ọ̀lù tó tún jẹ́ rẹfirí, ta ni yóò fun fèrè fún un?

Àwọn àgbà a máa rántí P and T, tí wọ́n pín sí NIPOST àti NITEL ní 1985. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: P and T náà máa ń sọ lẹ́tà nù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá pósófíìsì wà nílùú, ẹ lè bá a lójúkojú, ojú á sì tì í. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé wébíìlì lọ sí gáréèjì lónìí. Kò sí rìsíìtì níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé alága.

Òfin wà o! Èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019 láti dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kó sì tètè sọ bí ìdádúró bá wà. Bí kò bá ṣe é dáadáa, kó tún un ṣe tàbí kó dá nínú owó padà. Ta ló ti kà á fún yín lọ́jà lédè Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ pósítà kò sí lọ́wọ́ gómìnà, Àbújá ni wọ́n ti ń ṣòfin rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò sẹ́nétọ̀ tàbí ti ilé aṣojú, kí ẹ tó gba ìrẹsì rẹ̀, ẹ bi í: ṣé yóò gba iṣẹ́ rẹfirí kúrò lọ́wọ́ NIPOST? Ṣé yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan jókòó ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ẹrù tó sọnù lédè tí ẹ gbọ́? Kó tó dìgbà náà, ẹ ya fọ́tò ẹrù yín kí wọ́n tó dì í, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí rìsíìtì, ẹ má sọ rìsíìtì náà nù.

Bí olùdíje tiwa náà bá dé ọjà yín, ẹ bi í bákan náà. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má jẹ́ kó tíì wọ mọ́tò.