Ẹ Wo Aṣọ Ẹni Tó Ń Di Búrẹ́dì

Bí èèyàn bá bá fọ́nrán irun kan pàdé nínú búrẹ́dì, ariwo á ta. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí irun tó ń já lórí ẹnì kan lóòjọ́ tó 50 sí 100, kò sì yẹ ká bá ọ̀kan nínú wọn nínú oúnjẹ tá a fowó rà. Síbẹ̀, èyí tójú kò rí ló léwu jù: ọwọ́ tó họ orí tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, apá ẹ̀wù tó ti nu ìjókòó dáńfó kó tó kan oúnjẹ. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé kòkòrò Staphylococcus aureus kiri nínú imú láìṣàìsàn. Ó ń gbé lára awọ àti irun pẹ̀lú. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, lẹ́yìn tí ọwọ́ àti aṣọ bá ti kan oúnjẹ yìí, kí ló tún máa là kọjá?

Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ṣì ní ààrò níwájú, iná á sì pa púpọ̀ nínú kòkòrò tó bá bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń gé búrẹ́dì, tó ń dì í sínú ọ̀rá, ẹnu oníbàárà nìkan ló kù níwájú tirẹ̀. Ìlànà àgbáyé lórí ìmọ́tótó oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Codex, tó ti wà láti 1969, béèrè aṣọ iṣẹ́, ìbòrí àti bàtà tó yẹ. Ìdí tábìlì ìdìbúrẹ́dì ni mo fẹ́ kí èyí ti kọ́kọ́ múlẹ̀: aṣọ tí wọn ò wọ̀ wá láti ilé, tí kò lápò láyà. Ti mítípáì tún le sí i, torí ẹran inú rẹ̀ ń jẹ́ kí kòkòrò yìí pọ̀ bó bá pẹ́ nínú ooru, oró tó bá sì tú síbẹ̀, a ò lè fi iná tá a tún gbé e kà mú un kúrò.

Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ á ní ìyẹ̀fun ti wọ́n, dísù ti wọ́n. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí owó díẹ̀ tó wà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dì í. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òfin ìbòrí á ta ko híjáàbù. Híjáàbù kúkurú tó mọ́, tí etí rẹ̀ wà nínú aṣọ iṣẹ́, bo irun ju fìlà àwọ̀n lọ, bí kì í bá ṣáà ṣe èyí tí wọ́n wọ̀ rìn ní títì. Kí agbanisíṣẹ́ pèsè rẹ̀ bó ṣe ń pèsè fìlà. Nọ́ńbà NAFDAC ara ọ̀rá kò lè sọ ohun tí ẹni tó di búrẹ́dì wọ̀ láàárọ̀ yìí. Nítorí náà, kí olùbẹ̀wò tó bá wọlé béèrè ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ilé, àti ẹni tó ń fọ aṣọ iṣẹ́.