Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí O Tó Dákẹ́

Bí òṣìṣẹ́ bá fura pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú sí òun, ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àwọn òbí á ní kó fọwọ́ wọ́nú, iṣẹ́ ò sí nílùú, ìbínú kò sì da nǹkan fún ni. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní kó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tàbí kó lọ ko ọ̀gá náà lójú níwájú gbogbo ayé. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló ń ba ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ẹni tó dákẹ́ láì kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ẹni tó sì fi ìbínú kọ̀wé fipò sílẹ̀ ti fún ilé iṣẹ́ ní ìwé tí wọn yóò nà sí adájọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ.

Nígbà mìíràn, ojúsàájú náà wà nínú ìwé gan-an. Ní 2021, wọ́n yọ ọlọ́pàábìnrin kan níṣẹ́ ní Èkìtì torí pé ó lóyún nígbà tí kò tíì lọ́kọ. Abala 127 nínú ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n dì mú. Ìlànà yẹn kò sọ ohunkóhun nípa ọlọ́pàákùnrin tí kò tíì gbéyàwó, tó sì fún obìnrin lóyún. Ọ̀ràn irú èyí kò mú ìfura dání, kedere ló wà. Èyí tó ṣòro ni ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó kàn jẹ́ pé ìgbéga ń fo ẹnì kan ṣáá, tàbí pé obìnrin ti ìsinmi ìbímọ dé, ó bá ẹlòmíràn nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kò sí àǹfààní nínú kéèyàn máa bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀gá kórìíra òun. Inú ọ̀gá jìn, kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀ lọ wò ó. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn ni pé: ta ló wà nípò kan náà, tó ṣe ohun kan náà, tí wọn kò sì ṣe báyìí sí? Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ lè jẹ́ ìkà, ṣùgbọ́n ìkà tó kárí kì í ṣe ojúsàájú. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó bímọ nìkan ni kì í rán nírìn àjò, tàbí pé àwọn tó wá láti ìhà kan nìkan ni ìgbéga ń kàn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Òdodo ń béèrè irú ìwádìí yìí fún ọ̀gá náà pẹ̀lú, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìwé kékeré kan nílé tó fún iṣẹ́ yìí. Kí òṣìṣẹ́ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ọ̀gá tún ṣe mí lónìí o.” Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀, yàrá ìpàdé. Ọ̀gá ní, ‘Ìwọ tó o ní ọmọ ọwọ́, ìrìn àjò yìí kò lè bá ọ lára mu.’ Akọ̀wé àti akápò wà níbẹ̀.” Alẹ́ ọjọ́ náà ni kó kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa yí lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù àti àbájáde àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún rẹ̀ sílé. Ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan ìwé àwọn oníbàárà tàbí àṣírí ilé iṣẹ́, torí ìyẹn nìkan tó láti fi lé e, ọ̀rọ̀ ojúsàájú á sì wọlẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan òṣìṣẹ́ pé ilé ẹjọ́ rọrùn. Ní 1995, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó lé Georgina Ahamefule, tó ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò HIV láì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní 2000, ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkejà. Ní 2001, adájọ́ kò jẹ́ kó wọlé wá jẹ́rìí, wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò kó o ran àwọn tó wà níbẹ̀. Ibi tó ti wá ẹ̀tọ́ lọ ni wọ́n tún ti dà á padà sẹ́nu ọ̀nà! Ọdún 2012 ló tó gba ìdájọ́: ilé ẹjọ́ ní lílé tí wọ́n lé e kò bófin mu, ó sì ní kí ilé ìwòsàn náà san mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún un lórí ìyẹn, àti mílíọ̀nù méjì lórí àyẹ̀wò tí kò fọwọ́ sí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Ní 2014 ni Nàìjíríà wá ṣe òfin tó dìídì kọ ojúsàájú sí àwọn tó ní kòkòrò náà. Obìnrin yìí ṣe ohun tó pọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á láṣẹ fún òṣìṣẹ́ mìíràn pé kó jìyà tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tí ó ń fẹ́ kó tó gbéra. Ẹni tó fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ìbéèrè ni kí lẹ́tà náà jẹ́, kó má jẹ́ ẹ̀sùn: kí ló dé tí mo fi pàdánù ìgbéga yìí, ìlànà wo lẹ tẹ̀ lé? Bí wọn kò bá fèsì, àìfèsì náà di ẹ̀rí. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà, kí ó mú ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wọ́n lọ. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà kì í gba owó lórí ẹ̀sùn, ìjọba Èkó sì ní ọ́fíìsì lọ́yà ọ̀fẹ́ fún aláìní. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti 2010 ti fún Ilé Ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ láṣẹ lórí ojúsàájú níbi iṣẹ́, ilé ẹjọ́ náà sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń parí ìjà láì dé iwájú adájọ́. Èyí tó bá wù ú nínú wọn, kódà bó bá jẹ́ pé ṣe ló fẹ́ wáṣẹ́ míì kó sì lọ ní tirẹ̀, kí ó jẹ́ pé òun ló yàn án. Lẹ́yìn tí ó bá ti fẹjọ́ sùn, kí ó má ṣíwọ́ kíkọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá mìíràn máa ń gbẹ̀san.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé àwa Yorùbá nìkan ni wọ́n ń ṣe ojúsàájú sí. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ní Èkó àti Ìbàdàn ló máa ń yí padà sí Yorùbá nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ pàtàkì, tí ọmọ Igbo tàbí Hausa tó jókòó síbẹ̀ á kàn máa wò. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 kò fọwọ́ sí i kí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá dù ú ní ẹ̀tọ́, ojú ọmọ Igbo náà sì ń rí níbí ohun tí ojú tiwa ń rí níbòmíràn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ bá fi omijé gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wálé, kí ẹ tó sọ pé kó ní sùúrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀, kí gan-an ni wọ́n sọ, àwọn wo ló sì wà níbẹ̀. Kí ẹ wá fún un ní bírò.