Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo Bí Omi: Ìka Tó Bá Ṣẹ̀ Ni Kí Ọba Gé

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó ₦200 ní ilé epo NNPC. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀dùn kan ti ń jáde lẹ́nu àwọn awakọ̀ Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ títí dé Láfẹ́nwá: ọkọ̀ ti ń mu epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fún awakọ̀ takisí, epo tó bá ṣòfò láàárọ̀ ni oúnjẹ tí kò ní dé ilé lálẹ́.

Ṣùgbọ́n owó tó tètè tán yàtọ̀ sí epo tó tètè tán, ìṣirò nìkan ló sì lè là wọ́n. Kí awakọ̀ ra epo kún táǹkì, kí ó kọ iye kìlómítà tó wà lójú géèjì sílẹ̀, kí ó wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó tún padà lọ rà á kún ní ojú ẹ̀rọ kan náà. Bí ó bá rin kìlómítà 360, tí epo tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì sì jẹ́ lítà 36, lítà kan gbé e rin kìlómítà 10. Bí iye yìí bá lọ sílẹ̀ di 7 lẹ́yìn oṣù méjì, àìsàn ti wọ ọkọ̀. Kí ó dán ilé epo mìíràn wò kí ó tó dá ẹjọ́, nítorí ẹ̀rọ tó ń jí epo kò ṣọ̀wọ́n.

Àìsí ìṣirò yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì di ilé àfojúsùn. Wọn a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lónìí, wọn a fọ ọ̀nà epo lọ́la, wọn a ní kí oníbàárà ra pọ́ǹpù tuntun lọ́túnla. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Mẹkáníìkì tó ń gé gbogbo ìka kò tíì mọ ọ̀daràn. Gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ìṣe ọdún 1996 ló ní ihò lábẹ́ ìdí ìtọ́kọ̀ tí a lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ Corolla àti Camry tó ń rìn nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ̀rọ náà kì í sọ ohun tí a ó rà o. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ló ń tọ́ka sí.

Àṣà kan wà tó burú jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, àwọn kan a yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, wọn a ní ilẹ̀ wa ti gbóná tó, kò wúlò. Ilẹ̀kùn kékeré ni tẹmọ́sítáàtì jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró kí ó má tíì lọ sí réédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì máa fún un ní àfikún epo bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Àmì rẹ̀ ni pé géèjì ìgbóná kì í kúrò nísàlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gígùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: réédíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tó kú ni kí wọ́n tọ́jú.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ni afura kejì. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré. Bí ó bá ti darúgbó, èéfín a máa rùn bí epo, ẹnu púlọ́ọ̀gì a sì dúdú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé àtúnṣe irú àbùkù ńlá bẹ́ẹ̀ lè dá tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún padà fún awakọ̀. Afẹ́fẹ́ táyà tó pé lè dá tó ìdá 3 padà. Fún ọkọ̀ ìgbàlódé, wọ́n ní fílítà afẹ́fẹ́ tuntun kì í dín epo kù, bó tilẹ̀ ń jẹ́ kí ọkọ̀ yára. Síbẹ̀, òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Búrẹ́kì tó há mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ ló ń fi í hàn: ẹsẹ̀ kan yóò gbóná ju àwọn yòókù lọ. Òórùn epo lábẹ́ ọkọ̀ kò gba ìdúró rárá, iná ló ń pè.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà ló fà á. Òótọ́ ni pé kòtò ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti òkè-ńdè-odò inú ìlú ń jẹ epo. Òótọ́ ni pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Ojúṣe ìjọba ni kí ó tún ọ̀nà ṣe, kí àjọ NMDPRA sì máa ti ilé epo tó ń rẹ́ ará ìlú jẹ. Ṣùgbọ́n Olúmọ kò ga sí i láàárín oṣù méjì. Ọkọ̀ tó ń gun òkè kan náà, tó ń ra epo níbì kan náà, tó sì ń mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì dá owó jọ ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ti ń lò ó. Kí oníbàárà béèrè ìdí kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó sì gba ògbólógbòó ẹ̀yà tí wọ́n yọ. Láyé tí lítà epo ti gbówó lórí báyìí, ìwé kékeré àti bírò nínú ọkọ̀ ni oògùn tó pọ́n dandan jù, kò sì wọ́n rárá.